Àyè Akọ̀wé Nínú Fótò Kíláàsì Wa

Ọmọ méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo ní ní kíláàsì lọ́dún yẹn, ṣùgbọ́n mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló wà nínú fótò. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ irú ẹni tí mo jẹ́, kí aláhesọ tó bá mi sọ ọ́. Tíṣà ni mí. Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń kọ́ kíláàsì kẹfà, àwọn ọmọ sì ń pè mí ní Kògbagbẹ̀rẹ́ lẹ́yìn. Wọ́n rò pé n kò gbọ́. Mo gbọ́, orúkọ náà sì wù mí. Nínú kíláàsì mi, bí a ṣe ń jókòó la ṣe ń tò. Tí a bá ń lọ mu omi, bí a ṣe ń jókòó ni. Tí òjò bá lé wa wọlé láti orí pápá, bí a ṣe ń jókòó náà la ó ṣe sáré. Àwọn tíṣà kékeré máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lórí èyí, ṣùgbọ́n ọmọ kankan kò sọnù mọ́ mi lọ́wọ́ rí.

Ọmọ tí kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ fótò ni ọmọbìnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Akọ̀wé, nítorí pé ọwọ́ ìwé rẹ̀ dára ju tèmi lọ. Òun ló máa ń bá mi kọ iṣẹ́ sójú pátákó. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú, ọwọ́ páànù yọ ní kíṣìnnì ilé wọn, epo gbígbóná sì dà sí i lẹ́rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, láti abẹ́ ẹyinjú títí dé àgbọ̀n. Ọpẹ́ ni pé kò kan ẹyinjú. Egbò náà ti jinná, dókítà ti ní kó padà síléèwé, ṣùgbọ́n ọmọ náà fi ìborùn wé ojú, ó ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá, ó ní òun ò lọ síléèwé mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti lọ bá a. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ti ń dá mi lóhùn.

Lọ́jọ́ Ajé tí onífótò wá, mo to àwọn ọmọ sí ìlà mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, bí wọ́n ṣe ń jókòó. Àyè Akọ̀wé wá ṣí sílẹ̀ gbayawu láàárín ìlà kejì, bí ìgbà tí eyín bá yọ lẹ́nu ọmọdé. Onífótò ya àkọ́kọ́. Mo wo àyè yẹn, kò bá mi lára mu, mo pariwo pé, "Ẹ sún mọ́ra! Ẹ dí ibẹ̀!" Kí wọ́n tó gbẹ́sẹ̀, ọmọ kan ti sáré láti ìparí ìlà iwájú, ó ti kó sínú àyè náà, ó dúró gbagidi. Onífótò ti tẹ kámẹ́rà nígbà kejì kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Ìjì ni wọ́n ń pe ọmọ náà, ìjì náà ló sì jẹ́. Ìdí rẹ̀ kì í balẹ̀. Tó bá wọ yàrá, nǹkan á ṣubú. Orí mi gbóná. Mo fà á létí jáde lójú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, mo ní láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun títí di ọjọ́ Ẹtì, tí àwọn yòókù bá lọ sílé, òun á jókòó tì mí títí aago mẹ́rin á fi lù. Ó ya ẹnu pé kí òun sọ̀rọ̀. Mo ní kó pa á dé. Ó pa á dé.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ìyá Akọ̀wé pè mí. Ó ní ẹnì kan ti sọ fún ọmọ náà pé wọ́n ti ya fótò kíláàsì. Mo béèrè ohun tó sọ.

"Ó ní, 'Ṣé ẹ rí i? Wọ́n ti pé láìsí mi.' Tíṣà, láti ìgbà yẹn kò jẹun."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Fótò kíláàsì kẹfà ni wọ́n máa ń gbé kọ́ ara ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ iléèwé wa, kì í sì í kúrò níbẹ̀. Àwọn tí mo kọ́ lọ́dún kìíní mi ṣì wà níbẹ̀, àwọn mìíràn nínú wọn ti hu ewú. Mo sọ fún ara mi pé ọmọ yìí máa wà níbẹ̀, bí ó le, bí ó rọ̀. Tó bá rí ara rẹ̀ láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, bóyá á ṣílẹ̀kùn yẹn, á jáde wá.

Mo pe onífótò. Èmi ni mo kọ́ ọ ní kíláàsì kẹfà, nítorí náà n kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ.

"Fi ojú Akọ̀wé sínú fótò yẹn fún mi."

"Mà, iṣẹ́ tó wà lọ́rùn mi pọ̀ ju irun orí mi lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí ò wá, ò wá."

"Ṣé kò ṣeé ṣe ni?"

"Ó ṣeé ṣe, mà. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ gan-an ń ṣe é. Àyè ẹ̀ ni mi ò ní. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni màá wá mú èyí tí a máa tẹ̀."

"Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ń ṣe é?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Fi fótò méjèèjì ránṣẹ́ sí mi."

Ó ní, "Ẹ̀yin, mà?" Mo pa fóònù.

Ọ̀gá iléèwé wa kò rò pé orí mi pé nígbà tí mo lọ gba kọ́kọ́rọ́ yàrá kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, ó sì fẹ́ràn àlàáfíà ju oúnjẹ lọ. "Tíṣà," ó ní, "ṣé ẹ̀yin tó jẹ́ pé èmi ni mò ń bá yín tan kọ̀ǹpútà náà lẹ fẹ́ pààrọ̀ ojú èèyàn?" Mo ní, "Ọ̀gá, ojú bọ̀rọ̀ kọ́ la fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fún mi ní kọ́kọ́rọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ìjì jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn mi, ó ń jẹ ìyà rẹ̀. Mo ti rí fídíò kan tí wọ́n ṣe fún àwọn tí kò mọ nǹkan kan, ọ̀dọ́kùnrin kan ló ń kọ́ni nínú rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ yá ju ọwọ́ mi lọ. Tó bá ti ṣe ohun tí n kò rí, á ní, "Ẹ rí i pé ó rọrùn!" Mo dá a dúró, mo dá a padà, mo bú u, mo tún dá a padà. Tó bá jẹ́ ọmọ kíláàsì mi ni, ì bá ti mọ̀ mí.

Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohun tó ń wí nígbẹ̀yìn. Ó ní ká wo fótò inú kọ̀ǹpútà bí ọ̀rá tó mọ́ gaara tí wọ́n tò léra wọn. Èèyàn á mú irinṣẹ́ kan tó dà bí okùn, á fi yí ojú tó fẹ́ ká, á dà á kọ, á gbé e lé orí ọ̀rá mìíràn tó wà lókè. Á wá mú kí tòkè yẹn fúyẹ́, kó lè máa rí ti ìsàlẹ̀ gba inú rẹ̀, á sì sún un títí ẹyinjú á fi bọ́ sórí ẹyinjú, tí ẹnu á bọ́ sórí ẹnu. Tí wọ́n bá ti bára mu, á fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ nu etí rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má lè mọ ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀.

Mo ní kí n kọ́kọ́ dán an wò. Mo fẹ́ pààrọ̀ ojú ọmọkùnrin méjì tó jókòó ti ara wọn, èyí tí kò ní bí ẹnikẹ́ni nínú. N kò mọ bí okùn yẹn ṣe lọ lọ́ mọ́ orí ọ̀gá wa tó jókòó láàárín ìlà iwájú. Ìgbà tí mo tẹ èyí tí wọ́n ní kí n tẹ̀, mo gbójú sókè, mo rí ọ̀gá wa tó wọ ṣòkòtò péńpé, tó ká orúnkún, tó sì ń fi ìka méjì ṣe ìwo lẹ́yìn orí ẹnì kejì rẹ̀. Gbì! Ìjì ti ṣubú láti orí bẹ́ǹṣì.

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?"

"Kò sí, mà."

"Dìde nílẹ̀."

Mo kọ ẹ̀yìn sí i dáadáa kó má baà rí bí èjìká èmi náà ṣe ń mì. Ṣùgbọ́n n kò mọ bí mo ṣe máa gbé orí ọ̀gá padà sí àyè rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo bá tẹ̀ ló ń mú un tóbi sí i. Òógùn bò mí. Ohùn kékeré kan dún lẹ́yìn mi pé, "Ẹ tẹ ọfà tó ṣẹ́rí padà yẹn, mà." Mo tẹ̀ ẹ́. Orí ọ̀gá padà sọ́rùn ọ̀gá. N kò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà.

Kí aago mẹ́rin tó lù, mo ti pààrọ̀ ojú àwọn ọmọkùnrin méjì yẹn ní ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá. Nínú èyí tó gbẹ̀yìn, ọ̀kan ní etí mẹ́ta, ṣùgbọ́n etí mẹ́ta náà wà níbi tó yẹ. Mo lọ sílé pẹ̀lú ìrora ọrùn àti inú dídùn.

Ọjọ́rú ni mo tó rí ìṣòro gidi. Mo ní ojú Akọ̀wé, mo ti yà á pẹ̀lú fóònù mi lọ́dún tó kọjá lọ́jọ́ tó gba ẹ̀bùn ìwé kíkọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì ń dán. Ṣùgbọ́n ojú kì í dá dúró lófuurufú. Ògiri lásán ló wà ní àyè rẹ̀ nínú fótò àkọ́kọ́. Ara ta ni màá gbé ojú náà lé? N kò lè yọ ojú ọmọ kan nítorí ọmọ mìíràn. Mo jókòó, mo di ọwọ́ mọ́ àyà, inú ń bí mi sí gbogbo ayé.

Inú bíbí yẹn ló jẹ́ kí n ṣí fótò kejì, èyí tí Ìjì bàjẹ́. Mo mú un tóbi kí n lè rí ìjàngbọ̀n rẹ̀ dáadáa. Mo wá rí i pé kò rẹ́rìn-ín. Ó kọjú síwájú, ó pa ẹnu dé gbọn-in, ó na ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ méjèèjì síta, ó fi ti àwọn tó wà lọ́tùn-ún àti lósì sẹ́yìn. Ọmọ tó ń ṣeré kì í ní irú ojú yẹn.

Mo yí àga padà. "Ìjì, kí lò ń ṣe níbí?"

Ó wo ilẹ̀. "Ẹ ní kí n pa á dé, mà."

"Ṣí i wàyí."

"Ẹ̀yin náà lẹ ní ká tò bí a ṣe ń jókòó, mà. Àyè Akọ̀wé nìyẹn. Ẹ wá ní kí wọ́n sún mọ́ra. Tí wọ́n bá sún, kò ní sí àyè ẹ̀ mọ́ nìyẹn. Mo ní kí n bá a dì í mú."

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń pa àṣẹ yẹn, ọmọ tí kì í gbọ́ràn ló gbọ́ ọ yé jù mí lọ. Èmi fúnra mi ni mo pariwo pé kí wọ́n dí àyè Akọ̀wé, mo sì fa ẹni tó bá a ṣọ́ ọ létí. Ojú tì mí débi pé tí ilẹ̀ bá lanu, ǹ bá kó sínú rẹ̀.

A kì í kọ́ àwa àgbà bí a ṣe ń bẹ ọmọdé. Ẹnu wa máa ń wúwo lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo dìde lórí àga, mo dúró síwájú rẹ̀ bí ó ṣe máa ń dúró síwájú mi.

"Má bínú. Mo fìyà jẹ ọ́ láìbi ọ́ léèrè. Èmi ni mo jẹ̀bi."

Ọmọ náà kò mọ ibi tó máa kọjú sí. Ó ń fi àtàǹpàkò kan họ èkejì. "Ó ti tán, mà."

"Ìyà rẹ ti parí. Máa lọ sílé."

Ó wo kọ̀ǹpútà, ó wò mí. "Ṣé mo lè dúró, mà? Mo fẹ́ rí bó ṣe máa rí."

A jọ ṣe é ni. Mo fi okùn yí ara Ìjì ká nínú fótò kejì, láti orí dé bàtà, mo gbé e lọ sínú àyè tó ṣí sílẹ̀ nínú ti àkọ́kọ́. Ó wá di pé Ìjì wà níbi méjì: ọ̀kan ní ìparí ìlà iwájú, ìkejì láàárín ìlà kejì. Lẹ́yìn náà ni mo gbé ojú Akọ̀wé lé ìkejì yẹn lọ́rùn. Ìgbà mẹ́fà ni mo ṣe é kó tó gbà. Ó kọ́kọ́ tóbi jù, ó tún dúdú ju ọrùn lọ, ó tún wò wá bí ẹni tó sùn ní ìdágẹ̀ẹ́rẹ́. Ìjì á ní, "Ẹ yí i sósì díẹ̀, mà," èmi á ní, "Mo rí i," bẹ́ẹ̀ n kò rí i. Nígbà tó máa fi di aago mẹ́rin, Akọ̀wé ti dúró láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ nà síta bí ẹni tó fẹ́ jà. Ìjì pàtẹ́wọ́. Ká sòótọ́, èmi náà pàtẹ́wọ́.

Lọ́jọ́bọ̀, tí iléèwé parí tán, mo mú ẹ̀dà kan tí mo tẹ̀ jáde, mo gba ilé wọn lọ. Alágbàfọ̀ ni ìyá Akọ̀wé. Yàrá méjì ni wọ́n ní lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, èyí àkọ́kọ́ kún fún ṣẹ́ẹ̀tì àwọn aláṣọ, ooru áyọ́ọ̀nù sì ń pàdé èèyàn lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé áyọ́ọ̀nù dúró, ó nu ọwọ́, ó gba fótò náà. Ó wò ó títí, omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ọmọ mi rèé," ó ní. "Bí Ọlọ́run ṣe dá a rèé. Ọlọ́run á bù kún yín, Tíṣà."

Ó kan ilẹ̀kùn yàrá kejì, ó sì ti fótò náà gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. A dúró. Mo ń retí igbe ayọ̀, kí n má purọ́. Mo ti múra ohun tí màá sọ tó bá dúpẹ́.

"Ta ni yìí?" ohùn náà béèrè láti inú.

"Ìwọ ni," mo ní. "Àbí o ò dá ara rẹ mọ̀ ni?"

"Mo dá a mọ̀, mà. Ẹni tí mo jẹ́ tẹ́lẹ̀ ni. Ẹ bá mi kí i."

Ìyá rẹ̀ ní, "Irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn?" Ọmọ náà kò gbé ohùn sókè, bí ẹni tó ń ka ìwé ló ṣe ń sọ̀rọ̀. "Wọ́n á gbé e kọ́ ògiri, mà. Tí mo bá wá síléèwé, wọ́n á wo ògiri, wọ́n á tún wò mí. Tí n ò bá wá, ẹni yìí á máa bá wọn gbé níbẹ̀. Kò nílò mi."

Ọjọ́ méjì ni mo fi bá okùn àti búrọ́ọ̀ṣì jà, ọmọ náà sì fi gbólóhùn mẹ́rin fi àṣìṣe mi hàn mí. Mo ti bá a wá ojú tí òun gan-an ń sá fún. Mo fi orí ti ara ilẹ̀kùn.

Ohùn rẹ̀ tún dún láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. "Ìgbọ̀nwọ́ ta nìyí?"

"Ti Ìjì ni."

"Kí ló dé tó na ìgbọ̀nwọ́ báyìí?"

Mo sọ ọ́ fún un, gbogbo rẹ̀, títí kan etí tí mo fà. N kò bo ara mi. Nígbà tí mo dé ibi tí Ìjì ti ní kí òun bá a dì í mú, mo gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ yí nínú ilẹ̀kùn. Akọ̀wé jáde. Ó tú ìborùn náà fúnra rẹ̀, ó sì gbé ojú sókè sí mi.

Ọkàn mi bàjẹ́, n kò ní sọ pé kò bàjẹ́. Awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà ń dán, ó pọ́n níbi kan, ó dúdú níbi kan, ó sì ti fa igun ẹnu rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹyinjú tó ń wò mí ni èyí tó máa ń wò mí láti ìdí pátákó, tí mo bá ṣì ìṣirò ṣe, tí kò sì fẹ́ dójú tì mí.

"Ṣé ẹ lè fi eléyìí sí i, mà?"

"Rárá!" ìyá rẹ̀ ní. "Tíṣà, ẹ má dán an wò. Wọ́n á fi ọmọ mi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ayé."

"Màmá, ojú tí mo ní nìyí."

Mo yọ fóònù. Ìyá náà kọ ẹ̀yìn sí wa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ṣẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n ti lọ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun kan wá kù tí mo sọ fún ọmọ náà, nítorí ọ̀dọ́kùnrin inú fídíò ti tẹnu mọ́ ọn: ìmọ́lẹ̀ ojú tí a fẹ́ gbé wá gbọ́dọ̀ bá ti fótò mu. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún àwọn ọmọ ni oòrùn tàn sí lọ́jọ́ Ajé. Mo ń wá bí màá ṣe yí i, kí apá yẹn lè bọ́ sínú òjìji.

"Ibo ni oòrùn wà nínú fótò, mà?" ó béèrè. Akọ̀wé ni, ọmọ tí kò jẹ́ kí nǹkan ṣẹ́ kù.

"Apá ọ̀tún."

Ó rìn lọ síbi fèrèsé, ó sì fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún rẹ̀ fún oòrùn. "Kí n rẹ́rìn-ín? Ó máa ń fà mí tí mo bá rẹ́rìn-ín."

"Má rẹ́rìn-ín."

Mo ya mẹ́ta. Aago mẹ́ta kọjá díẹ̀ ni mo padà dé iléèwé. Ìjì ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà yàrá kọ̀ǹpútà, ẹni tí kò jẹ ìyà mọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ọwọ́ mi ti mọ iṣẹ́. Mo yí okùn, mo gbé ojú náà lé, ẹyinjú bọ́ sórí ẹyinjú. Ìmọ́lẹ̀ bá ìmọ́lẹ̀ mu rẹ́gí. Mo mú búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, mo nu etí rẹ̀, ọwọ́ mi sì ń rìn lọ, ó ń rìn lọ, ó ti dé ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Kí lẹ ń nù kúrò níbẹ̀, mà?"

Mo wò ó. Lóòótọ́, mo ti nu ìdajì àpá náà. Ọkàn mi kọ́ ló rán ọwọ́ mi, ó kàn ń ṣe àánú tirẹ̀ ni. Mo tẹ ọfà tó ṣẹ́rí padà títí gbogbo rẹ̀ fi padà wá. Ìjì sún mọ́ kọ̀ǹpútà. Kò tíì rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ tí epo ti dà. Ó wò ó pẹ́.

"Ó ṣì jọ ara ẹ̀," ó ní.

Kí n tó dé ilé, ọ̀gá ti pè mí. Ìyá Akọ̀wé ti bá a sọ̀rọ̀. "Tíṣà, ó ní tí ẹ bá fi ojú tó jóná síbẹ̀, òun ò ní dárí jì wá. Òun ló bí ọmọ. Èyí tó dán yẹn la máa tẹ̀." Mo fẹ́ gbaná jẹ. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ sọ? Lóòótọ́, òun ló bí i. Òun ló jókòó tì í nílé ìwòsàn, òun ló fi omi tútù wẹ egbò. Mo kàn sọ fún ọ̀gá pé màá gbé méjèèjì wá, àti pé èmi ò ní fọwọ́ mi tẹ èyí tó dán. Tí wọ́n bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n wá ọwọ́ mìíràn.

Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, onífótò jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Fótò méjèèjì wà lójú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó wo àkọ́kọ́, ó wo ìkejì, ó yíjú sí mi. "Mà, ta ló bá yín ṣe é?" Mo ní, "Ìgbéraga kò dára, ṣùgbọ́n èmi ni." Ọ̀gá ń wo aago, ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tán láìsí ìjà.

Ariwo àwọn ọmọ kíláàsì mi, tó ń dún láti òdìkejì pápá, kàn dákẹ́ lójijì. Mo mọ irú ìdákẹ́jẹ́ tí àwọn ọmọ yẹn ní, kò sí èyí tó jọ ọ́. Mo lọ sí fèrèsé.

Akọ̀wé ń bọ̀ láti ẹnu géètì. Ó wọ aṣọ iléèwé, aṣọ náà lọ̀ dáadáa bí ti ọmọ alágbàfọ̀. Kò wé nǹkan kan. Ìyá rẹ̀ ń tẹ̀lé e lẹ́yìn, ó di ìborùn náà mú lọ́wọ́, ó ń sọ pé, "Jọ̀ọ́, ọmọ mi. Jọ̀ọ́, ṣáà fi bojú títí a ó fi dé inú." Ọmọ náà kò dúró, kò sì sáré. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kún ojú fèrèsé kíláàsì. Ó ti dé àárín pápá, mo rí i tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fà díẹ̀. Mo ní ó fẹ́ padà.

"Akọ̀wé!" Ìjì ló ké láti ojú fèrèsé. "Yára wá gba àyè ẹ, jàre! Apá ti ń ro mí!"

Ẹ̀rín bú jáde láti gbogbo fèrèsé. Akọ̀wé náà rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ibi tó ti fà á, ó sì ń bọ̀.

Nígbà tó wọlé, ó kí wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá dá a lóhùn, ó ń wo ilẹ̀. Onífótò ní kí wọ́n dárí ji òun, àwọn kan ń dúró de òun níbòmíràn, èwo nínú méjèèjì ni kí òun tẹ̀? Ó wò mí. Mo wo ọ̀gá. Ọ̀gá wo ìyá Akọ̀wé.

Ọmọ náà na ìka sí ojú kọ̀ǹpútà. "Èyí tó ní àpá."

Ìyá rẹ̀ sún mọ́ ọn. Ó wo fótò náà, ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó wò ó lójú kòró, mo sì rí i pé ó ti pẹ́ tó ti wò ó bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Onífótò gbé ọwọ́ sórí máòsì, kò tẹ nǹkan kan.

"Ìyá, ṣé ká tẹ̀ ẹ́?"

"Ẹ tẹ̀ ẹ́," obìnrin náà ní. "Ẹ bá mi ṣe tèmi kó tóbi."